Okùn Àwọ̀n Lọ́rùn Ọmọ Ewúrẹ́

"Dì í mú dáadáa, má jẹ́ kó ta," ni Dókítà Happiness wí, ó sì fá irun àyà ọmọ ewúrẹ́ náà.

Orí pákó iwájú ilé wa ní Abereke la wà, omi ń lọ lábẹ́ wa. Màámi ti kó ẹja lọ sọ́jà. Dókítà ẹran ni Happiness, ó wọ bóòtù (ọkọ̀ ojú omi) wá yẹ àwọn ọmọ ẹran wò. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ló gbé wá. Ó fi nǹkan tútù kan pa àyà ẹran náà, ó gbé ojú ẹ̀rọ lé e, mo sì rí ọkàn kékeré tó ń lù.

Ìbejì ni ewúrẹ́ tí à ń sìn bí, wọ́n pé ọjọ́ mẹ́ta. Pupa tóbi, ó ń fò kiri. Dúdú rù kan eegun. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Dókítà fi hàn mí pé ihò wà nínú ọkàn pupa, ẹ̀jẹ̀ ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ọkàn ti dúdú ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní pupa lè má pẹ́, kí n sọ fún màámi àti ẹni tó ni ewúrẹ́.

Ìyá Olówòkéré ló ni ín. Nígbà tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ, ó ní ká máa bá òun sìn ín. Àṣà wa ni pé lọ́jọ́ kẹjọ, ẹlẹ́ran á kọ́kọ́ yan ọmọ tirẹ̀, á so okùn àwọ̀n mọ́ ọn lọ́rùn. Èyí tó kù di ti ẹni tó ń sìn ín. Màámi sì ti ní tiwa á jẹ́ tèmi, Ọpẹ́fólúwa.

Mo fẹ́ dúdú. Mo sọ fún ara mi pé ẹnu mi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ pé ìyá ọba làjẹ́, mo bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìyá Olówòkéré bi mí pé èwo ló dáa. Mo ní pupa rẹwà. Irọ́ ha ni? Inú rẹ̀ dùn, ó so okùn mọ́ pupa, ó ní òun á fi bẹ̀rẹ̀ ayé òun padà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí pupa ṣubú lórí pákó, tó ń mí helehele. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé Ìyá máa bú sẹ́kún ni, àfi bó ṣe fà mí mọ́ra.

"Má sunkún, ọmọ mi. Ọlọ́run mú tèmi kó lè dá tìẹ sí."

Ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Ó kọjú sí omi.

"Òkun kì í sọ fún mi kó tó kó nǹkan mi lọ," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà ò ní sọ."

Mo tú okùn lọ́rùn pupa, mo so ó mọ́ dúdú fún un. Mi ò pa irọ́ kankan lọ́jọ́ kẹjọ lọ́hùn-ún, síbẹ̀ olè ni mo jà. Ẹni tó pa òtítọ́ mọ́ nítorí èrè tirẹ̀ kò sàn ju òpùrọ́ lọ.

Dúdú ti bímọ báyìí. Ìyá Olówòkéré ṣì ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n tó bá bi mí ní nǹkan, ó máa ń tún lọ bi ẹlòmíì.