Okùn Pupa Ilé Gààrí

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwọn àgbà ló pa á lówe, òun náà ló sì ṣẹ mọ́ Ìtùnú lára ní ilé gààrí tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lọ́jọ́ tí tírélà àkọ́kọ́ fẹ́ kó gààrí wọn lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi lè gbé e dé Japan.

Láti òwúrọ̀ ni ariwo ayọ̀ ti gba gbogbo ilé iṣẹ́ náà kan.

"Ẹ wò ó o, gààrí Ìjẹ̀bú fẹ́ wọkọ̀ ojú omi!" Olúmidé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó gbé páálí òfìfo lé orí bí ẹni dé adé.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí o tó fọwọ́ fà á ya," Ìtùnú dá a lóhùn, ẹ̀rín ń pa á. "Ṣé orí ẹ ni wọ́n ní kó gbé e dé Japan?"

"O ń jowú ni. Bí mo bá dé ọ̀hún, màá kí wọn fún ẹ."

Àwọn méjèèjì jọ jáde ìwé mẹ́wàá ni. Wọ́n ń retí èsì ìdánwò wọn, wọ́n sì wá ń bá ilé iṣẹ́ náà di gààrí kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀.

Ìyá Micah ló mú Ìtùnú wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, òun sì ni olórí gbogbo àwọn tó ń yan gààrí. Obìnrin náà mọ gààrí yan débi pé bí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú agbada, tó sì jẹ́ kó máa ṣàn bọ́ láàárín ìka rẹ̀, á sọ fún ọ bí ó bá ku díẹ̀ kó jinná. Òun ló tọ́ Ìtùnú nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá. Òun náà ló ṣèlérí pé bí èsì bá dára, òun yóò rán an lọ sí yunifásítì ní Ìjagun. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ó má ki ọmọ náà. Ìtùnú á kúnlẹ̀, Ìyá Micah á gbé ọwọ́ lé e lórí, á gbàdúrà fún un, á wá máa kì í: "Àyìnkẹ́, ọmọ tí a yìn tí a tún gẹ̀," títí orí ọmọ náà yóò fi wú.

Àlejò kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Sátò. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ máa ra gààrí náà ní Japan ló rán an wá. Kò ga, kì í pariwo, ó sì máa ń tẹrí ba fún gbogbo ènìyàn, títí kan Bàbá Síkírù tó ń ṣọ́ ẹnu géètì.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé," ni Ìyá Micah sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. "Ẹ bá mi wádìí ẹ̀ dáadáa, bóyá Ìjẹ̀bú ni ìyá ìyá ẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀ ni kò yé wọn. Ó so agogo ńlá kan mọ́ àjà, ó sì jẹ́ kí okùn pupa rẹ̀ máa fì wálẹ̀ níbi tí gbogbo ọwọ́ ti lè tó o. Ọ̀gbẹ́ni Adélékè, máníjà wọn, ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn: "Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tí kò tọ́, ì báà jẹ́ ọmọ tó kéré jù níbí, kó fa okùn yìí. Gbogbo iṣẹ́ á dúró, a ó jọ wò ó."

"A ti gbọ́ o!" ni gbogbo wọn dáhùn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan okùn ọ̀hún. Lójú àwọn òṣìṣẹ́, ohun ìyangàn ni. Agogo kò dún, iṣẹ́ wọn pé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ojú Àǹtí Sátò ń fà ro. Ìtùnú tilẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi máníjà pé, "Kí ló dé tí wọn kì í fà á? Ibi tí agogo bá ti dákẹ́ jù, ẹ̀rù ibẹ̀ máa ń bà mí."

"Ẹ má fòyà," Ọ̀gbẹ́ni Adélékè rẹ́rìn-ín. "Àwọn ènìyàn wa mọṣẹ́."

Tírélà ti dé, awakọ̀ ti ń tẹ fèrè, iṣẹ́ sì ń lọ ní pẹrẹwu. Ìtùnú na ọwọ́ mú náílọ́ọ̀nù gààrí kan tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó ṣì gbóná. Kò yà á lẹ́nu, nítorí Ìyá Micah ti ní kí wọ́n má dúró kó tutù mọ́. Ní ọjà, gààrí tó ń gbóná láti inú agbada ni àwọn oníbàárà ń dù, inú àpò ẹlẹ́nu ṣíṣí ni wọ́n sì ń dà á sí, kí ooru rẹ̀ ráyè jáde. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù yìí kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìtùnú gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi wínníwínní ti sẹ̀ mọ́ ọn nínú bí ìrì orí ewé. Ó mú òmíràn: ìrì ni. Ó mú òmíràn sí i.

Bí gààrí bá fi omi sínú báyìí rìn lórí òkun, yóò ti bu kó tó gúnlẹ̀.

Ó mú ọ̀kan dání, ó sáré lọ bá Ìyá Micah, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Gààrí yìí ń làágùn nínú náílọ́ọ̀nù."

Ìyá Micah kò gbé ojú kúrò lára agbada. "Ta ló kọ́ ẹ ní gààrí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kí ìyá ẹ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ni mo ti ń yan án. Ta ló rí gààrí mi kó bu rí? Bí ọ̀rọ̀ bá wà, a ó sọ ọ́ nílé. Má jẹ́ kí àlejò gbọ́ ohùn wa."

A ó sọ ọ́ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Ìtùnú dàgbà: a kì í tú àgbà fó lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ṣé tírélà yóò dúró kí wọ́n délé ná? Ó dìde, ojú rẹ̀ sì lọ sára okùn pupa.

Olúmidé ti rí i. "Ìtùnú! Má dán an wò o! Ìyá Micah lo fẹ́ lu agogo lé lórí? Ìjagun ẹ ti wọmi nìyẹn. Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ó bá bu lórí òkun, ta ni yóò mọ̀ pé o rí i?"

"Ọlọ́run mọ̀," ni Ìtùnú wí.

Ó di ojú. Olúwa, fún mi ní ọwọ́ tí kò ní gbọ̀n, kí O sì fún mi ní ẹnu ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Níta, ẹ́ńjìnnì tírélà bú ramúramù. Ọmọbìnrin náà sáré, ó fo páálí kan kọjá, ó di okùn pupa mú, ó sì fà á.

Gbàǹgàn! Gbàǹgàn! Gbàǹgàn!

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọwọ́ àwọn tó ń di páálí dúró. Àǹtí Sátò sáré jáde láti inú ọ́fíìsì, Ìtùnú sì gbé náílọ́ọ̀nù náà sókè kó rí i. Ó wò ó fínnífínní. Ojú rẹ̀ tó ti ń fà ro láti ọjọ́ yìí là bí oòrùn òwúrọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́!

"Ẹ ṣé! Ẹ ṣé!" Yorùbá tó gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó pàtẹ́wọ́, ó tẹrí ba, ó tún pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Níbi tí Àǹtí Sátò ti wá, ẹni tó bá rí àléébù ti gba gbogbo ilé là, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó dúró níbẹ̀, ìtìjú àgbà ni àlejò ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ìyá Micah gbé igbá tó fi ń yan gààrí kalẹ̀. "Àtẹ́wọ́? Èmi Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí pẹ̀lú ewú orí mi?" Ó tú aṣọ iṣẹ́ ìdí rẹ̀. "Ìtùnú, o ṣeun. O káre." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin yòókù wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé igbá tiwọn náà kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò yan gààrí?

Ìtùnú sáré yí wọn po, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

"Àṣàkẹ́ o, Àṣàkẹ́!
Àṣàkẹ́ ọmọ a-jí-dáná kí àkùkọ tó kọ,
Ó fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ di ẹ̀yẹ,
Ó fọwọ́ ro gààrí, gààrí ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀.
Èéfín ta ọ́ lójú, o kò sunkún,
Iná jó ọ lọ́wọ́, o kò sọ igbá nù.
Abiyamọ tó pọn ọmọ àbúrò rẹ̀,
Tí ẹ̀yìn kò ro ó, tí ẹnu kò sọ ọ́!"

Ẹsẹ̀ Ìyá Micah dúró. Ìyá Ìtùnú ló máa ń kì í báyìí nígbà tí ara rẹ̀ yá.

"Màmá," Ìtùnú wí, "gààrí yín kò ní àbùkù. Àpò ẹlẹ́nu ṣíṣí lẹ ti ń yan án fún. Náílọ́ọ̀nù tí kò lè mí yìí ni gbogbo wa kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Bí ó bá bu dé ọ̀hún, gààrí Ìyá Micah ni wọn ó pè é. Mo ta yín lólobó, ẹ ní ká sọ ọ́ nílé. Mi ò lè dákẹ́ kí orúkọ yín bàjẹ́ lókè òkun."

Ọ̀gbẹ́ni Adélékè ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àǹtí Sátò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rìn wá, ó wo bí Ìtùnú ti ṣe kúnlẹ̀, òun náà sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, bí ẹni fẹ́ ṣubú. Olúmidé pa ẹ̀rín mọ́ ọ̀fun.

"Màmá," ni máníjà túmọ̀, "ó ní agogo yìí kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, iṣẹ́ nìkan ló ń pè. Nílé wọn, ayọ̀ pé ewu ti fò wọ́n dá ni àtẹ́wọ́ yẹn. Kò mọ̀ pé nílé tiwa ó ń dunni. Ó ní okùn tí òun rò pé ó fúyẹ́, òun kò mọ̀ pé ó wúwo tó báyìí lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní kẹ́ ẹ foríjì òun. Ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ yín pé kí ni ká ṣe sí gààrí yìí."

Ìyá Micah gba náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Ìtùnú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Hẹn-ẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó ń làágùn lóòótọ́." Ó bojú wo àlejò tó kúnlẹ̀. "Ẹ ní kí ìyẹn dìde kí orúnkún ẹ̀ má bó." Ló bá so aṣọ iṣẹ́ mọ́ ìdí padà. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ gé gbogbo náílọ́ọ̀nù! Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì! A ó tún un yan kó gbẹ, a ó tẹ́ ẹ kó tutù kó tó wọ náílọ́ọ̀nù tuntun. Olúmidé, tan gbogbo fáànù! Ẹ ní kí awakọ̀ pa ọkọ̀ ẹ̀, kó wá mu gààrí!"

Ilé bú sí ariwo. Ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń tú, ọ̀kan ń tẹ́. Àwọn ìyá dá orin ìyìn, Bàbá Síkírù fi géètì sílẹ̀ wá gbé páálí, Àǹtí Sátò ká apá aṣọ sókè, gààrí sì kún un nírun. Awakọ̀ jókòó ti abọ́ omi tútù àti ẹ̀pà, ó ní, "Àwọn ará Japan ò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn o!" Agogo tún dún lọ́sàn-án: Olúmidé ló rí páálí tó ya. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi dúró, Àǹtí Sátò kò sì pàtẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ wo ojú Ìyá Micah. Ìyá Micah mi orí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé sì gbà á.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tírélà gbéra, náílọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ìtùnú dúró ní ẹnu géètì, ó ń juwọ́ sí i. Ó ti yé e lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe gbogbo dídákẹ́ ni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo òótọ́ ni àfojúdi. Ọmọ tó bá sọ òótọ́ lórí ìkúnlẹ̀ ti gbé àgbà rẹ̀ ga, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Àyìnkẹ́." Ìyá Micah ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mà."

"Mo bínú sí ẹ o. Díẹ̀ ṣì kù nínú ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà."

"Á tán. Ìjagun ò lọ síbì kan." Ó gbọn gààrí kúrò ní èjìká ọmọ náà. "Lọ́la, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi. Bí o bá rí ohun tí ojú mi ò rí, tí mo bá tún ní ká sọ ọ́ nílé, jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi fa okùn náà."