Jíìpù Agbẹ̀bí

Bí wọ́n ṣe ń gbé etí lé ikùn aboyún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkùnrin mẹkáníìkì kan gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù, ó dijú, kò mira. Agbẹ̀bí ni obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀rín ti pẹ́ kó tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún keje rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó fi jíìpù ayé àtijọ́ náà sílẹ̀ fún un. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nílé ọkọ, ọ̀nà jìn. Ilé tí a ń dá gbé, ògiri ní í dáni lóhùn. Jíìpù náà ò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, bó bá yí kọ́kọ́rọ́, á dún "kẹ̀", á dákẹ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti ní bátìrì ni. Ó pààrọ̀ bátìrì títí ó fi sú u.

"Ọ̀gá, ẹ ò ní tú nǹkan kan ni?"

"N kì í tú ohun tí n kò tíì gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ̀yin máa ń gbẹ̀bí ẹni tí kò tíì rọbí? Àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ ń sọ òótọ́. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó dé lóòótọ́. Jíìpù ta jí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Lọ́túnla, bákan náà. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án, bákan náà. Wọ́n á jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á mu tíì. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní rédíò nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀ nílé.

"Tiyín sàn," ni agbẹ̀bí wí. "Tèmi ti bàjẹ́."

"Ẹ gbé e wá, n ó tún un ṣe."

"Kẹ́ ẹ tún fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́tí sí i?"

Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe pè é lórí fóònù. "Màámi, mẹkáníìkì wo ló ń wá gbọ́ ohùn ọkọ̀ lójoojúmọ́? Àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ o. Ẹ ta irin yẹn."

Ojú ti agbẹ̀bí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má yọra yín lẹ́nu mọ́."

Ọkùnrin náà gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kò burú. Ó lọ.

Ilé wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbẹ̀bí á po tíì ife méjì láìmọ̀, á da ìkejì nù. Ní ọjọ́ kẹrin tí ọkùnrin náà ti lọ, ìrì sẹ̀ gan-an, jíìpù sì dún "kẹ̀". Ó jókòó síbẹ̀ títí, ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́. Ó lè pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà.

"Ó ti kọ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e. Ó tẹ́tí, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì fa wáyà kan jáde, ẹnu rẹ̀ dípẹtà. "Òun nìyí. Bí ìrì bá ti rin ín, iná ò ní kọjá. Bátìrì yín ò ṣẹ̀ rí. Agbára wà lára rẹ̀, kò rọ́nà gbé e gbà ni."

Ó ha á, ó dè é. Jíìpù jí. Àwọn méjèèjì ò yọ̀.

Agbẹ̀bí pa ẹ́ńjìnnì náà. "Ọkọ̀ ti yá. Kí ni n ó sọ fáwọn aládùúgbò pé ẹ wá ṣe lọ́la?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó ni mo wá fẹ́."

Obìnrin náà mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ti san. Mẹkáníìkì ni kò ní lọ mọ́."