Jẹ́jẹ́ Nínú Ilé Tí Wọ́n Ń Tún Ṣe

Jẹ́jẹ́ jí ní àárọ̀. Eruku wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Eruku wà ní etí rẹ̀.

"Hàtíṣàà!" Jẹ́jẹ́ sín.

Kò sẹ́ni tó kí i pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Òun àti Màámi àti Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé yìí ni.

Ilé náà ti gbó. Òrùlé rẹ̀ ń jò. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ń bó. Nítorí náà, wọ́n ń tún un ṣe.

Wọ́n tún un ṣe níjẹta. Wọ́n tún un ṣe lánàá. Lónìí, wọ́n tún ń tún un ṣe!

Gbà! Gbà! Gbà! Bàbá Káfíńtà ń kan ìṣó.

Wàà! Wàà! Wàà! Bàámi ń fi ṣọ́bìrì po sìmẹ́ńtì.

Họ́rọ́-họ́rọ́-họ́rọ́! Màámi ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri.

Jẹ́jẹ́ lọ bá Màámi. "Màámi, mo lá àlá kan."

"Kí lo wí?" Họ́rọ́-họ́rọ́-họ́rọ́!

"Mo ní mo lá àlá kan."

"Mò ń bọ̀, ìyá mi. Jẹ́ kí n parí ògiri yìí ná."

Ògiri náà gùn. Ó gùn, ó gùn, ó gùn.

Jẹ́jẹ́ lọ bá Bàámi. "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n sọ..."

"Rọra o! Má tẹ sìmẹ́ńtì!" Wàà! Wàà! "Tó bá yá, ọmọ mi."

Jẹ́jẹ́ lọ sí pálọ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo gbogbo àga. Kò síbi tó lè jókòó.

Ó lọ síbi àtẹ̀gùn. "Kúrò níbẹ̀, ọmọ dáadáa," ni Bàbá Káfíńtà wí. "Ìṣó wà nílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ wá rìn lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Yàrá náà ṣófo. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Kò sí sìmẹ́ńtì. Kò sí ènìyàn kankan.

Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé.

Níbi tí wọ́n ti kó wá, ọmọ ilé kejì máa ń yọjú. "Jẹ́jẹ́, wá ká ṣeré!" Níbí, ta ni yóò yọjú?

Jẹ́jẹ́ kọjú sí ògiri. "Mo lá àlá pé mò ń fò," ó sọ fún ògiri.

Ògiri kò fọhùn.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé. Fẹ́ẹ́ẹ́ẹ́...

GBÀMÙ! Ilẹ̀kùn pa dé.

Jẹ́jẹ́ dìde láti ṣí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ní ọwọ́! Bàbá Káfíńtà ti tú ti àtijọ́ kúrò. Ihò nìkan ló kù.

Jẹ́jẹ́ fà á. Kò ṣí. Jẹ́jẹ́ tì í. Kò ṣí.

"Màámi?" Họ́rọ́-họ́rọ́-họ́rọ́!

"Bàámi?" Wàà! Wàà! Wàà!

Omijé kan bọ́. Òmíràn tẹ̀lé e.

"Ṣé wọ́n ti gbàgbé mi ni?"

Jẹ́jẹ́ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀. Ó gbé etí lé ilẹ̀kùn.

Gbà! Gbà! Gbà! Kẹ́kẹ́.

Gbà! Gbà! Gbà! Kẹ́kẹ́.

Háà! Tí Bàbá Káfíńtà bá ti kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa ń dúró mú ìṣó mìíràn!

Jẹ́jẹ́ rí àgékù pákó nílẹ̀. Ó mú un. Ó dúró.

Gbà! Gbà! Gbà!

Ó yá, Jẹ́jẹ́! Pó! Pó! Pó!

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá Káfíńtà wí. "Àbí ògiri ti ń dá mi lóhùn ni?"

Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Gbà! Gbà!

Jẹ́jẹ́ dáhùn. Pó! Pó!

Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Gbà!

Jẹ́jẹ́ dáhùn. Pó!

"Ẹ dákẹ́!" Bàbá Káfíńtà pariwo. "Gbogbo yín, ẹ dákẹ́!"

Ilé pa rọ́rọ́.

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ó fa èémí sínú. Ó ké, bí kò ṣe ké rí:

"MO WÀ NÍBÍ O!"

Gìrì-gìrì-gìrì! Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Bàbá Káfíńtà ki irin bọ inú ihò náà. Ó yí i, kírí-kírí. Ilẹ̀kùn ṣí.

Màámi gbá a mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mò ń sọ àlá mi fún ògiri," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ̀yin ò ráyè."

Bàámi wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Màámi jókòó sínú eruku. Bàámi náà jókòó. "Sọ ọ́ fún wa," ni Bàámi wí. "A ti ráyè báyìí."

Jẹ́jẹ́ sọ gbogbo àlá náà. Gbogbo rẹ̀ pátá.

"Ibo lo wá balẹ̀ sí?" ni Bàbá Káfíńtà bi í.

"Orí igi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ìṣó lórí igi."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn náà kó tó ṣe nǹkan mìíràn. Màámi sì pe Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lo ni yàrá kékeré yìí. Ọ̀dà wo la máa kùn ún?"

"Yẹ́lò!"

Màámi mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá. Jẹ́jẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Wọ́n kùn ún sókè. Wọ́n kùn ún sísàlẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kùn ún.

"Màámi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín!"

"Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi?"

"Ó ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n!"

Màámi rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí ó fi jókòó sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó yí gbiri.

Bàámi sáré wọlé tòun ti ṣọ́bìrì. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó wo Màámi. Ó wo Jẹ́jẹ́. Ó gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀.

"Búrọ́ọ̀ṣì tèmi dà?"