Ẹ Rọra, Dúdú Ń Sàba!

Eyínmẹ́nugún jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Eyín rẹ̀ tó lẹ́wà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yìí. Àmọ́ eyín iwájú méjèèjì ti yọ!

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ka ìṣísẹ̀ lọ sétí òkun.

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún..."

Ṣùààà! Omi bò ó lẹ́sẹ̀.

"Màmá Àgbà! Ìṣísẹ̀ márùn-ún péré! Lọ́dún tó kọjá, mẹ́wàá ni."

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni Màmá Àgbà wí, "á ti rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa, ọmọ mi. Òní la máa fa ilé wa lọ sórí òkè."

Fa ilé kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni! Ilé pákó ni. Bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀ ojú omi gòkè ni wọ́n ń fa ilé. Ìtì igi lábẹ́, okùn níwájú, ariwo lẹ́nu. Wọ́n ní bí kò bá sí ariwo, ilé kò ní gbéra.

Eyínmẹ́nugún sáré lọ sọ fún Dúdú, adìẹ rẹ̀. Dúdú ń sàba lé ẹyin mẹ́fà ní igun yàrá.

"Dúdú, à ń kó lọ!"

"Kọ̀ọ̀ọ̀," ni Dúdú wí. Ó le ojú koko.

Àwọn aládùúgbò dé. Bàbá di okùn mú. Ohùn Bàbá mà tóbi o! Bí Bàbá bá sín, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò a sá.

"Ó YÁ O! HÉÈÈ-PÀ!"

Gbì! Ilé mì.

"Kọ̀-kọ̀-kọ̀-KÁÀ!" Dúdú fò gba ojú fèrèsé jáde.

"Bàbá, ẹ dúró!" Eyínmẹ́nugún bú sẹ́kún. "Bí ẹyin bá tutù, àwọn ọmọ inú wọn á kú!"

Bàbá họ orí. "Ṣé ká dúró di ọ̀la?"

Ṣùààà! Omi ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Eyínmẹ́nugún nu ojú. Ó fi ahọ́n kan ihò eyín rẹ̀. Bó ṣe máa ń ronú nìyẹn.

"Mo ti mọ̀ ọ́n!"

Ó rọra gbé Dúdú padà sórí ẹyin. Ó fi apẹ̀rẹ̀ ńlá bò ó. Inú apẹ̀rẹ̀ ṣókùnkùn. Dúdú dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á láìpariwo."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ta ló ti fa ilé láìpariwo rí?"

"Ẹ gbọ́ tọmọ," ni Màmá Àgbà wí. "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

Bàbá fa èémí. "Ó yá o... héè-pà..."

"Héè-pà..." ni gbogbo èèyàn dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Yíí... yíí... Ilé gbéra! Ilé ń lọ!

Yíí... yíí... Wọ́n dé ìdajì ọ̀nà.

Ni imú bá ń yún Bàbá. "Há... háà... hááà..."

Yéè! Eyínmẹ́nugún sáré, ó di imú Bàbá mú gírígírí.

"...pìì."

Ewúrẹ́ kankan kò sá. Dúdú kò gbọ́ nǹkan kan.

Yíí... yíí... yíí... Gbì. Ilé ti dé orí òkè!

Eyínmẹ́nugún yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀. Dúdú ń sùn fọnfọn. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀! Gbogbo èèyàn jó. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n jó o!

Ní ọjọ́ kẹta, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kẹ́! Kẹ́! Kẹ́!

Kíu! Kíu! Kíu! Kíu! Kíu! Kíu! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé.

Eyínmẹ́nugún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún ń ka ìṣísẹ̀ lọ sétí òkun. Dúdú tẹ̀ lé e. Ọmọ adìẹ mẹ́fà tẹ̀ lé Dúdú.

Ó kà, ó kà, ó kà. Òkun ṣì wà lọ́hùn-ún.

Ó jókòó sínú iyanrìn, ó rẹ́rìn-ín, ihò eyín rẹ̀ sì hàn gbangba.

"Màmá Àgbà," ló kígbe, "ó ti rẹ̀ mí o!"