Ogun Orí Tábìlì

"Balógun, kó àwọn ọmọ-ogun wa tó wà lápá àríwá odò kọjá sí gúúsù," ni Dádì wí láti orí àga rẹ̀. "Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan àwọn méjì tó ń ṣọ́ ìlú tí a kó oúnjẹ sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí wa wà."

Balógun kì í ṣe ológun o. Ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò àṣejáde nílé-ẹ̀kọ́ girama ni, orúkọ àwàdà ni bàbá rẹ̀ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn páálí pélébé náà kọjá odò, ó yán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. Eré ni wọ́n ń ṣe: máàpù ogun ńlá tó kárí ayé nígbà àwọn bàbá ńlá wa ló bo tábìlì ìjẹun wọn láti etí dé etí. Páálí kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan. Àwọn aláwọ̀ ewé jẹ́ ti Dádì, àwọn pupa jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Aláago. Òfin eré náà le: ọmọ-ogun tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ bá ti dí, kíkú ló ń kú. Ẹ má fi wé lúdò. Lúdò ń tán. Ọ̀pọ̀ oṣù ni eyí ti ń jà, orí itan ni ìdílé náà sì ti ń gbé àwo jẹun láti ìgbà náà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kó ogun wọlé. Kó tó mú Dádì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀, òun ló ń pín ọkọ̀ akẹ́rù ní gáréèjì ńlá kan: ọkọ̀ wo ló ń lọ síbo, ta ni yóò wà á, ọ̀nà wo ni yóò gbà. Iṣẹ́ ẹnu àti orí ni. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó padà wá nígbà tó bá dá Dádì fúnra rẹ̀ lójú pé orí òun pé. Ìdí nìyẹn tí Dádì fi gbé eré yìí jáde. Ó ní bí òun bá lè gbé odidi ogun sórí láti Sátidé kan sí òmíràn láìgbàgbé, òun á lè gbé ọkọ̀ sórí. Kì í rí òdìkejì máàpù náà dáadáa láti orí àga rẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló fi ń jagun. Kì í sì í gbàgbé.

Àmọ́ ó ti rẹ ọmọ náà. Ká sòótọ́, ó ti rẹ gbogbo ilé. Aṣọ ibùsùn ilé-ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ ń fọ̀. Tó bá dé, á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìbọ́ bàtà ni. Balógun ló ń dáná, òun ló ń wọ aṣọ fún Dádì, òun ló ń fún un lóògùn, lẹ́yìn náà ni ogun á wá bẹ̀rẹ̀. Gbé tibí, sún tọ̀hún, rárá, dá a padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kàwé kọjá ibi tó wà. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ sọ fún aláìsàn pé ìtọ́jú rẹ̀ ti sú òun?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Dádì ń sùn, ó dúró ti tábìlì náà. Ó rò ó pé bí wọ́n bá ṣẹ́gun Dádì, eré parí nìyẹn, tábìlì á ṣófo, òun á ráyè kàwé. Ó mú páálí méjèèjì tó ń ṣọ́ ìlú oúnjẹ, ó sún wọn sáàárín àwọn yòókù lódìkejì odò. Páálí lásán ni, ó sọ fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sátidé, Bàbá Aláago wá ta eré, ó wo máàpù náà títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó béèrè bóyá ó dá Dádì lójú pé ibi tó fẹ́ kí wọ́n wà nìyẹn. Dádì ní kó ta tirẹ̀, kó yéé ṣàánú òun. Ni ọkùnrin náà bá gbé pupa wọ ìlú oúnjẹ, gbogbo ọmọ-ogun Dádì tó wà ní gúúsù odò sì kú tán.

Dádì na ọrùn. "Mo fi méjì síbẹ̀," ó ní. "Balógun, ṣé mi ò ní kí o má fọwọ́ kàn wọ́n ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Wọn ì bá bínú díẹ̀, wọn ì bá sì fi ṣẹ̀rín. Àmọ́ ẹ̀rù bà á, ó wolẹ̀.

"Gbogbo wọn lẹ ní kí n kó kọjá, Dádì."

Ẹyin lohùn, èyí balẹ̀, ó fọ́. Dádì ò jiyàn rárá. Ó kàn ní kí ọ̀rẹ́ òun má bínú, òun fẹ́ lọ sùn.

Ọmọ náà ráyè kàwé lóòótọ́, àmọ́ ìwé ò wọlé. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá òun ti lo oògùn, á sì tún béèrè kó tó gbé ife sílẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun máa fi ìṣáná pa mọ́, kí òun má baà sun ilé mọ́ wọn lórí. Ó ní kí Bàbá Aláago má wulẹ̀ wá mọ́. Nígbà tó yá, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sípò òun, nítorí orí òun ò pé mọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Kò lè se ọbẹ̀ tó wà lórí iná tán. Ó pa iná, ó jáde wá kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Dádì, orí yín pé. Èmi ni mo kó wọn kúrò nígbà tí ẹ ń sùn. Mo fẹ́ kí eré náà tán ni. Ó ti rẹ̀ mí."

Dádì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ni omi bá ń dà lójú bàbá, ó fi ọwọ́ òsì bojú.

"Mo ti ka ara mi kún òkú," ó ní. "Ojú rẹ ni mo ṣe kà á, o sì ń gbé oúnjẹ fún mi. Kí ló dé tí o ò sọ pé ó rẹ̀ ẹ́?"

"Ara yín ò yá ni, sà."

"Ọwọ́ ló rọ. Etí ò di."

Dádì pe gáréèjì padà. Wọ́n ti gbé ipò náà fún ẹni tó ń bá a dì í mú, pátápátá. Ọ̀gá kẹ́dùn, ó ní àwọn á pè é bí àyè bá tún ṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí àyè ń ṣí. Nígbà tí ìyá gbọ́, kò pariwo. Ó ní ó ti rẹ òun kọjá ìbínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀: Bàbá Aláago á máa wá sún páálí fún Dádì fúnra rẹ̀, ìyá á máa se ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, Balógun á gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gbà ju ìjókòó kan lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tí kì í rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ẹrù bá wúwo mọ́ lọ́rùn, ará ilé ni kó ké sí. Kó má jù ú lu ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀, torí kò mọ ohun tó máa fọ́ lára onítọ̀hún. "Ó rẹ̀ mí" ò ju gbólóhùn kékeré lọ. Ká ní Balógun sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni, bàbá rẹ̀ ì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lónìí.