Nọ́ńbà Ọjọ́ Mọ́kànlá

Báírò méjì ni mo mú lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé náà, dúdú kan, búlúù kan, kí irọ́ mi má baà jọra. Ìdí tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ ni mo jókòó sí, mo ṣí ìwé tí ilé ìwòsàn fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tí n kò wọ̀n.

Télọ̀ ni bàbá mi. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń jókòó ti máṣíìnì, tí abọ́ ẹ̀pà oníyọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbàdí gbogbo àdúgbò ló ti wọ̀n, àfi tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí nípa àrùn ọkàn gbà á mọ́ àwọn aláìsàn tí òun ń ṣàkíyèsí. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó sì máa fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó láràárọ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú rẹ̀ kò ríran wo nọ́ńbà wínníwínní, ni mo bá di akọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi ṣe akọ̀wé gidi. Ìdánwò ń bọ̀, oorun àárọ̀ sì dùn. Bàbá pàápàá kò béèrè. Ó ti padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mọ́kànlá ṣe ṣófo, tí mo fi nọ́ńbà tó dára dí i.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó mirí. "Ó ga o."

Dókítà ṣí ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ga bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun wa. Èyí tí wọ́n wọ̀n nílé la fọkàn tán jù. Bàbá, ẹ káre! A ó dín oògùn yín kù sí ìdajì."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á tì mí níwájú gbogbo wọn. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, mo tẹ̀ lé Bàbá jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá ń gé ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ lójijì. "Akọ̀wé, àyà ń fún mi." Aránbàtà tó múlé tì wá ló fi mọ́tò gbé wa dé ilé ìwòsàn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Dókítà jáde sí wa, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè dé. Ohun tí kò yé mi ni pé nọ́ńbà ilé dára gan-an."

"Irọ́ ni, Dókítà. Èmi ni mo hùmọ̀ wọn."

Kò pariwo. Ó fa ìlà gba àárín àwọn ojú ìwé náà. "Ohun tí mo wò tí mo fi dín oògùn kù nìyí. Inú ìwádìí wa ni ì bá tún wọ̀, à bá sì máa fi tọ́jú bàbá ọmọ ẹlòmíràn."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, mo jẹ́wọ́ fún òun náà.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé o rí mi rí kí n gé aṣọ oníbàárà láìwọ̀n ọ́n?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o fi gé tèmi bẹ́ẹ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ ohun tí ẹ̀pà yẹn ń ṣe fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀ ló sì kù kó gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Ọkàn kì í ka ohun tí a kọ sínú ìwé. Ohun tí a jẹ àti ohun tí a ṣe ló mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà sílé, mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bọ́tìnì ló kún inú abọ́ ẹ̀pà.

"Ó ga?"

"Ó ṣì ga díẹ̀, Bàbá."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó nawọ́ mú bàtà rẹ̀. "Ó yá, jẹ́ ká lọ rìn."