Ilé Tí Wọ́n Gbé La Oko Ìrẹsì Kọjá

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lójú gbogbo abúlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ọkùnrin abúlé Lappabila léèrè ìdí tí wọn kì í fi í gba àárín oko yẹn kọjá mọ́.

Ilé Tenri ni wọ́n fẹ́ fi èjìká gbé lọ sórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Nílẹ̀ àwọn ẹ̀yà Bugis, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè ni ilé orí rẹ̀. Ilé igi ni ilé náà, ó dúró lórí òpó gíga bíi lékèélékèé. Ìsàlẹ̀ ni ti adìẹ àti ewúrẹ́. Àárín ni ti ènìyàn. Òkè àjà ni ti ìrẹsì. Ìyá àgbà tó fi ilé náà sílẹ̀ fún un máa ń sọ pé kì í ṣe ìrẹsì nìkan ló ni òkè àjà. Bí Tenri bá bi í pé ta ló tún ni ín, á ní, "Jẹ oúnjẹ rẹ."

Mattola, àbúrò bàbá Tenri, ló ta ilẹ̀ abẹ́ ilé. Ẹni tó rà á sì ti búra: bí oòrùn Jímọ̀ bá wọ̀ tí ilé ṣì wà níbẹ̀, ayùn ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ Tenri wà ní oko ọ̀pẹ ní Malaysia. Tenri àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Cinnong, ló kù nílé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jókòó ni.

"Ìyá Cinnong, lọ gba ilé símẹ́ǹtì," ni Mattola wí. "Àwọn tó tò lẹ́bàá títì yẹn. Tíṣà ló ń gbé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń gbé ibẹ̀. Ènìyàn gidi."

"Adìẹ mi ńkọ́, Bàbá Kékeré? Níbo ló máa sùn?"

"Pa á jẹ."

"Ìrẹsì mi ńkọ́?"

"Sè é."

"Èmi náà ńkọ́? Ẹ ò kúkú ta èmi náà mọ́ ọn. Ilẹ̀ lẹ tà, Bàbá Kékeré. Ẹ ò ta ilé. Ilé mi á rìn."

Ẹnu rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń rò. Bí ayùn bá wọ ilé yẹn, abẹ́ òrùlé ta ni yóò so aṣọ àsorọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí mọ́?

Jímọ̀ pé. Wọ́n kó ẹrù sọ̀kalẹ̀. Wọ́n kó adìẹ. Wọ́n kó ìrẹsì, òkè àjà ṣófo. Wọ́n tú àtẹ̀gùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Wọ́n di ọparun mọ́ gbogbo òpó, ní òòró àti ní ìbú. Àwọn ọkùnrin dé láti mọ́sálásí, wọ́n ká aṣọ ìbàdí sókè, wọ́n bọ́ sábẹ́ ọparun. Puang Saleng, olórí abúlé, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni lókè?"

"Kò sí!"

"Ó yá, ẹ gbé!"

Ilé kò mira.

Ìyá Rannu, aládùúgbò tó gbé Cinnong dání, pòṣé. "Ọkùnrin rẹpẹtẹ báyìí! Barongko tí mo sè nìkan lẹ wá jẹ, àbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gbé. Ilé Puang tó tóbi ju èyí lọ, bí agbọ̀n ni wọ́n ṣe gbé e lọ́dún tó kọjá. Èyí dúró bí òkè.

Ni èèpo ìrẹsì bá ń já bọ́ sí wọn lórí.

Ẹ̀rín tán. Pákó ń dún lókè. Kẹ́ẹ́. Kẹ́ẹ́. Láti ilé ìdáná, ó ń bọ̀ níwájú.

Àlàfo wà láàárín pákó ilé náà. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á máa rí ìmọ́lẹ̀. Uddin, tó wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, gbójú sókè. Ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kú, àlàfo kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ń mọ́ padà lẹ́yìn. Ohun tó ń dí i ń bọ̀. Ó dúró sókè orí rẹ̀.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n gbé àkàbà ọparun ti ilé. Wọ́n wo ilé ìdáná. Wọ́n wo yàrá. Wọ́n wo òkè àjà. Ológbò pàápàá, wọn ò rí.

Mattola pàtẹ́wọ́. "Ilé ti fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò lọ. Ẹ pe aláyùn wá."

Oòrùn ti ń yẹ̀. Àwọn kan ti ń tú aṣọ ìbàdí wọn sílẹ̀.

Tenri wo ọmọ rẹ̀. Ó gun àkàbà. Ó wọlé, ó sì jókòó ti òpó àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní ìdodo ilé. Ibẹ̀ tutù bí ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ẹnì kan ń mí. Kì í ṣe òun. Òun ti dá èémí dúró.

"Mi ò bẹ̀ yín o," ó wí. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò sì lé yín. Ṣùgbọ́n ilé yìí ò ní di igi ìdáná lójú mi. Bẹ́ ẹ bá ń gbé inú ẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá bá wa gbé e. Ẹni tó bá jẹun nílé yìí, á fọ abọ́."

Kẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́nu ọ̀nà. Òtútù náà sì lọ.

Tenri sọ̀kalẹ̀. "Ẹ gbé e."

Puang ò tíì pa ẹnu dé tí ilé ti dìde.

Wọ́n gbé e la oko ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, ẹrẹ̀ rírọ̀. Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ ìyá Tenri. Ẹnikẹ́ni ò mí hẹlẹ. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, oòrùn ṣì wà lórí igi àgbọn. Àwọn obìnrin ti gba ojú ọ̀nà kó adìẹ àti ẹrù débẹ̀. Wọ́n gbé kọfí àti barongko wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbóná nínú ewé.

"Uddin, o ṣe ọkùnrin lónìí."

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n léjìká rárá. Ẹ̀yin ẹ̀yìn lẹ gbé e."

"Àwa wo? Ọwọ́ lásán la fi kàn án. Èrò wa ni pé ẹ̀yin iwájú ni."

Wọ́n bi ara wọn yíká. Kò sí ẹni tó gbé ilé náà. Kọfí tutù lọ́wọ́ wọn.

Mattola ló kọ́kọ́ rí ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin wà lọ́tùn-ún lósì, kò jìn ju ti adìẹ lọ. Ṣùgbọ́n láàárín, níbi tí ìdodo ilé gbà kọjá, níbi tí ọparun ò ti fi àyè ìdúró sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ipasẹ̀ ẹnì kan wà. Ẹsẹ̀ lásán. Ó kéré bíi ti arúgbó obìnrin. Ó jìn dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó àtijọ́. Ó parí sábẹ́ ilé Tenri. Kò sí èyí tó jáde.

"Ìyá Cinnong." Ohùn Mattola ti yàtọ̀. "Má sùn nínú ilé yẹn."

"Kí ló dé, Bàbá Kékeré? Ṣé ẹ ti tún rí ẹni tó máa ra èyí náà ni?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ la oko padà lọ gbé àtẹ̀gùn. "Ó di ọ̀la," ni Puang wí, wọ́n sì tú ká kíákíá. Tenri pọn ọmọ, ó kó ìrẹsì gun àkàbà ọparun, ó sì fa àkàbà náà wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìrẹsì ló kọ́kọ́ dá padà sókè àjà. Lẹ́yìn náà ló so aṣọ àsorọ̀, ó tẹ́ ọmọ sí i.

Ìpè ìrun àṣálẹ́ dákẹ́. Àwọn adìẹ ìsàlẹ̀ dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Tenri wá gbọ́ omi. Ẹnì kan ń bù ú nínú ìkòkò ìfọsẹ̀ tó wà níta. Ó ń dà á. Ó ń fi ọwọ́ ra ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Tenri mọ ìró náà. Ó mọ igi àárín àtẹ̀gùn náà tó máa ń kérora láti ìgbà èwe rẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà lórí koríko, ní òdìkejì oko.

Tenri fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ àsorọ̀ náà mú. Ó wo ìlẹ̀kùn. Kò tì í.

"Ẹ wọlé," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra tẹlẹ̀. Ọmọ ń sùn."